Ìró kọ́ńsónáǹtì èdè Nuu-chah-nulth: ibo ni ahọ́n yẹ kó wà?

Fúnkẹ́_BC

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Port Alberni, ní erékùṣù Vancouver ní Kánádà, láàárín àwọn Nuu-chah-nulth, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Mo fẹ́ lè pe orúkọ wọn àti orúkọ ìlú wọn bó ṣe yẹ. Mo ti rí álífábẹ́ẹ̀tì wọn, àmọ́ àwọn lẹ́tà kan ń bẹ níbẹ̀ tí mi ò mọ ẹnu tí màá fi pè wọ́n: c̓, ƛ, ł, q, x, ḥ, ʔ, ʕ, n̓ àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Òǹkà wọn ni mo fi ń dánra wò:

c̓awaak (1), ʔaƛa (2), qacc̓a (3), muu (4), suč̓a (5), n̓upu (6), ʔaƛpu (7), ʔaƛakʷał (8), c̓awaakʷał (9), ḥayu (10).

Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo fi wé ti àwọn tó ń sọ ọ́ lórí FirstVoices, ìkànnì tí wọ́n ń kó ohùn èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ sí, kò jọra rárá. c̓ mi ń dún bí s, ł mi ń dún bí l, q àti k mi ò sì yàtọ̀ síra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n sáà máa gbọ́ ọ kí n máa tún un pè. Ohun tí ahọ́n àti ọ̀fun ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Àkànní

Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. š wọn ni ṣ wa. s, t, k, h, w, y ò jìnnà sí tiwa. č ni ìró tó bẹ̀rẹ̀ "church" lẹ́nu Òyìnbó, kì í ṣe ṣ ti "ṣọ́ọ̀ṣì". c lásán ni t àti s tí a pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pè é ní k, ẹ má sì pè é ní s. kʷ, qʷ, xʷ: ẹ ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ pe w nígbà tí ẹ bá ń pe ìró náà, ẹ má dúró dìgbà tó bá parí. Ní ti ƛ, "kl" ni kí ẹ máa pè é, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn. Ṣebí "kleco kleco" ni wọ́n máa ń kọ láti fi dúpẹ́.

Olùkọ́Ìró

Àkànní, o ṣeun, ṣùgbọ́n "kl" yẹn kò tọ̀nà. Etí Òyìnbó ni kò gbọ́ ọ, ni wọ́n bá ń kọ k tàbí c sílẹ̀. Bí ƛaʔuukʷiʔatḥ ṣe di Clayoquot lórí máàpù nìyẹn. Ẹ̀yìn ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́ fún k. Iwájú ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́ fún ƛ, kò sí k nínú rẹ̀ rárá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí, Fúnkẹ́. Ẹ fi ṣóńṣó ahọ́n kan erìgì òkè, níbi tí ẹ ti ń pe t. Ẹ dí èémí mọ́ ibẹ̀. Dípò kí ẹ wá yọ ṣóńṣó ahọ́n bíi ti t, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ rẹ ẹ̀gbẹ́ ahọ́n méjèèjì wálẹ̀ kí èémí fi ariwo gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ṣóńṣó ahọ́n kò gbọdọ̀ kúrò lórí erìgì títí ariwo náà á fi tán. Bó bá tètè kúrò, c lẹ máa gbọ́. Bí ohùn (gbígbọ̀n tí ọ̀fun ń gbọ̀n) bá sì ti wọ inú rẹ̀, "tl" tí a fi l Yorùbá pè lẹ máa gbọ́, ìyẹn náà ò tọ̀nà, nítorí ƛ kò ní ohùn nínú bí t kò ṣe ní.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ, òun gan-an ló sì máa kọ́kọ́ tú Yorùbá fó: p. p tiwa, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló ń pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, àfàfàsé-fètè-pè ni. p ti n̓upu àti ʔaƛpu, ètè nìkan ni. Ọ̀nà tó yá jù láti rí i: ẹ sọ "bàbá" jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ sétí ẹlòmíì, láìsí ohùn kankan nínú rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu yín yẹn ni p wọn.

m àti n náà kò rọrùn tó bí Yorùbá ṣe rò. Lẹ́nu wa, fáwẹ́lì tó bá tẹ̀ lé m tàbí n máa ń gba imú: "mu" wa, imú ló ti ń jáde. muu tiwọn, m nìkan ló wà ní imú. Ẹ pe m, ẹ fi ìka méjì fún imú pa gẹ́rẹ́ tí fáwẹ́lì bá bẹ̀rẹ̀. Bí ìró u bá yí padà, imú ni èémí yín ṣì ń gbà. Bákan náà, ẹ má ka "aan" inú nuučaan̓uł bíi fáwẹ́lì àránmúpè tiwa. Bó ṣe pín ni nuu-čaa-n̓uł.

Débọ̀_Cardiff

Ẹni tó bá ń gbé Wales kò ní í jìyà lórí ł. Òun ni ll tó wà nínú Llanelli àti Llandudno. Ẹ gbé ahọ́n sí ibi tí l wà, ẹ pa ohùn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí atẹ́gùn yẹ kó gbà, ẹ fi ahọ́n síbẹ̀ kí ẹ fa èémí sínú kíákíá: ibi tí ẹ bá ti gbọ́ òtútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n ni èémí yẹ kó gbà jáde.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: (1) kí ẹ fi th ti "think" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "lth" tí Òyìnbó kọ sí ìparí Nuu-chah-nulth ló fà á, ł kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi gbogbo lẹ́tà yẹn wá. (2) kí ẹ pè é ní ṣ. (3) kí ẹ fi "u" sí ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà ʔaƛakʷał á fẹ́ di "atlakwalu" lẹ́nu wa. Ẹ dá a dúró níbi atẹ́gùn yẹn.

Tí ł bá ti jáde, ƛ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: t tí a tú sínú ł. Olùkọ́ ti sọ ọ́.

Fúnkẹ́_BC

Ẹ ṣé gan-an. Ti òtútù yẹn ṣiṣẹ́, ł ti ń jáde. p ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, mi ò mọ̀ rárá pé kp ni mò ń pè.

Kí wá ni àmì orí c̓ àti č̓ ń ṣe? Mo máa ń pe c, màá dúró díẹ̀, màá wá pe a. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ỌmọAlfa_Ìlọrin

Ẹ má dúró láàárín, àǹtí. Tí ẹ bá gbọ́ Hausa, ẹ ti ní méjì nínú wọn lọ́wọ́. ƙ ti ƙasa (ilẹ̀) yàtọ̀ sí k ti kasa, ƙ yẹn sì ni k̓. ts ti tsaya (dúró) lẹ́nu ará Kano ló sún mọ́ c̓ jù. Kódà y̓ wọn ni 'y inú 'ya'ya (àwọn ọmọ) ti Hausa.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ pa tán-án-ná (ẹnu ọ̀nà ohùn nínú gògóńgò) dé, bí ìgbà tí ẹ di èémí mú láti gbé ẹrù tó wúwo. Ẹ pa ẹnu dé níbi tí ìró náà wà (ètè fún p̓, erìgì fún t̓, ẹ̀yìn ahọ́n fún k̓). Gògóńgò á gòkè díẹ̀, á fún atẹ́gùn tó há sáàárín ibi méjèèjì. Ẹ tú ẹnu sílẹ̀ kọ́kọ́: á ta "kò!" kékeré kan. Lẹ́yìn náà ni tán-án-ná á ṣí fún fáwẹ́lì. Ẹ fi ìka lé gògóńgò, ẹ máa rí i pé ó ń gbéra.

Láti mọ̀ bóyá ẹ ti rí i: ẹ mí jáde títí kò fi sí nǹkan nínú àyà mọ́, ẹ má mí sínú, ẹ wá pe k̓. k lásán kò ní í jáde nítorí kò sí èémí. k̓ á ta dáadáa.

Àwọn tó wà lọ́nà ọ̀fun nìkan ló kù, ilé kéwú sì ti kọ́ wa ní ìyẹn: ḥ ni ح tó wà nínú Muḥammad, q ni ق, ʕ ni ع, x̣ ni خ. Ẹ bá Alfa tó mọ tàjúwídì (ìmọ̀ pípe Kùránì bó ṣe yẹ) jókòó, iṣẹ́ parí.

Àkànní

Hausa tún ní ɓ àti ɗ, àwọn oníkọ́kọ́rọ́ lórí. Ṣé ìyẹn náà lè jẹ́ p̓ àti t̓?

Olùkọ́Ìró

Rárá o. Nínú ɓ àti ɗ, gògóńgò ń lọ sísàlẹ̀, ohùn sì wà níbẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé díẹ̀. Nínú p̓ àti t̓, gògóńgò ń gòkè, kò sí ohùn. Wọ́n dojú kọra ni. Ẹni tó bá fi ɓ pe p̓, b làwọn onílé máa gbọ́, Nuu-chah-nulth kò sì ní b, d tàbí g. Kò ní l olóhùn àti r náà.

ỌmọAlfa, ọ̀rọ̀ rẹ lórí c̓ àti k̓ péye, ìdánwò àìní-èémí yẹn náà sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ʕ kì í ṣe ع gẹ́lẹ́. ع lẹ́nu ọ̀pọ̀ Lárúbáwá, ọ̀fun máa ń fún, ohùn ṣì ń kọjá. ʕ ti Nuu-chah-nulth máa ń pa dé pátápátá, àṣénupè ni. Ní Yunifásítì Victoria, John Esling àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ọ̀fun ẹni tó ń sọ èdè náà, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ibi tó wà lókè tán-án-ná ló ń fún pọ̀ tí ó sì ń dí ọ̀nà. Tí ẹ bá pè é bí ع tó rọ̀, wọ́n á gbọ́ yín, àmọ́ á dà bíi pé a fa fáwẹ́lì kan gùn ni.

Ìyàtọ̀ ʔ àti ʕ nìyí. ʔ: tán-án-ná lásán ló pa dé, bí ìgbà tí a bá ń kọ̀ fún ọmọdé, "ún-ùn", ohùn máa ń gé láàárín. Ẹ kì í nímọ̀lára nǹkan kan lẹ́yìn ahọ́n. ʕ: ìdí ahọ́n ń fà sẹ́yìn wọ káà ọ̀fun, gbogbo ibẹ̀ á fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ḥ, tí ẹ bá ti rí i, ẹ máa fún ọ̀fun sí i títí èémí ò fi ní í kọjá mọ́. Ibi tó dí yẹn ni ʕ.

Ìdí tí ʕ àti ḥ fi ń rìn pọ̀: ʕ wá láti ara q̓ àti q̓ʷ àtijọ́, ḥ sì wá láti ara x̣ àti x̣ʷ. Makah, ìbátan èdè yìí tí wọ́n ń sọ ní Neah Bay ní ìpínlẹ̀ Washington, ṣì di àwọn ti àtijọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní í rí x̣ nínú ọ̀rọ̀ Nuu-chah-nulth púpọ̀. Fúnkẹ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

ỌmọAlfa_Ìlọrin

Mo gbà lórí ʕ. Àmọ́ lórí ḥ, mi ò sún kúrò níbi tí mo wà: ح ni. Ìṣòro tiwa ni pé a kì í sábà pe ح fúnra rẹ̀, h lásán la fi ń pe "Alhaji". Nítorí náà, kò tó kí ẹ sọ pé ẹ ti lọ sí ilé kéwú. Ìdánwò: ẹ mí "hà" sójú gíláàsì, á ṣe kùrukùru, h nìyẹn. Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ fún ọ̀fun, kí ìdí ahọ́n lọ sẹ́yìn, kí ìró náà ha bíi ti ẹni tí ata há lọ́nà ọ̀fun. ḥ nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tó ń gbọ̀n bí ẹni ń há kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ ti gòkè jù, ẹ ti dé x̣. x lásán tún wà níwájú díẹ̀: ẹ gbé ahọ́n sí ibi k, ẹ má jẹ́ kó dí tán, kí èémí máa yọ́ kọjá.

Olùkọ́Ìró

ح fún ḥ, a ti fẹnu kò.

q: ẹ la ẹnu níwájú dígí, ẹ tan iná fóònù sí i, ẹ wo ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí à ń pè ní bẹ́lúbẹ́lú. Ẹ pe "ka" láìpa ẹnu dé, ẹ máa rí i pé àárín ẹ̀yìn ahọ́n ló gòkè. Ẹ wá fa ahọ́n sẹ́yìn sí i títí yóò fi kan bẹ́lúbẹ́lú fúnra rẹ̀, kí ṣóńṣó ahọ́n sùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni q. Fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e á dún sẹ́yìn ẹnu díẹ̀. Ẹ fi qa, ka, qa, ka ṣeré, ẹ má fi qi bẹ̀rẹ̀: i máa ń fa ahọ́n síwájú, q yín á tún di k.

Màmá_Tóbi

Ẹ kú àlàyé o. Port Alberni ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti orúkọ kún un, nítorí òun ni Fúnkẹ́ máa kọ́kọ́ lò.

Ọ̀pọ̀ orúkọ àwùjọ níbí ló parí sí -ʔatḥ, tó túmọ̀ sí àwọn èèyàn ibì kan. tḥ yẹn KÌ Í ṣe th ti Gẹ̀ẹ́sì. t ni, tí ḥ tẹ̀ lé e, láìsí fáwẹ́lì láàárín. ʔ tó wà níwájú rẹ̀ náà, ẹ má fò ó. c̓išaaʔatḥ (Tseshaht, àwọn ni wọ́n wà ní Port Alberni pẹ̀lú Hupacasath): c̓i-šaa-ʔatḥ. ʕaaḥuusʔatḥ (Ahousaht): ʕ, ḥ àti ʔ wà nínú rẹ̀ tán, tí ẹ bá lè pe èyí, ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ q, ḥ àti ʕ, i kì í dún bí i tiwa. Ó máa ń sọ̀kalẹ̀ sọ́nà e tàbí ẹ. Ẹ má jà á níyàn, ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀, àìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ló máa ń fi hàn pé ọ̀fun ò ṣiṣẹ́. miʕaat lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, ẹja sockeye tó máa ń gun odò Somass níbí.

Bí fáwẹ́lì bá jẹ́ méjì, ẹ fà á gùn. Ẹ má fi ohùn òkè tàbí ìsàlẹ̀ sí i bíi Yorùbá, èdè yìí kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.

Fúnkẹ́_BC

Ẹ ṣeun, mà. n̓ àti m̓ ló kù. Mò ń pe n tán kí n tó gé ohùn: "n…upu". Ó dún bíi pé ó sún mọ́ ọn.

Àkànní

Bí mo ṣe gbọ́ ọ náà nìyẹn, n kí ohùn tó gé.

Màmá_Tóbi

Òdì kejì ni. Gígé ló ń ṣáájú. Tán-án-ná á pa dé, á ṣí sínú n lójú ẹsẹ̀, n á sì wọ u tààrà láìsí àlàfo. Tí àlàfo bá wà láàárín n àti u, wọ́n á gbọ́ n àti ʔ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Olùkọ́Ìró

Màmá Tóbi sọ òótọ́. Ẹ fi ʔum̓iiqsu (ìyá) wò ó, ó rọrùn jù láti gbọ́ ọ láàárín ọ̀rọ̀: u á gé lójijì, m á wá bẹ̀rẹ̀. n̓ ti n̓upu le díẹ̀ nítorí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sí fáwẹ́lì níwájú tí yóò gé. Ẹ pe "a-n̓upu" ní àpemọ́ra, kí ẹ tó yọ a kúrò. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi i kékeré há àárín, "inupu". Ìwà ẹnu Yorùbá ni, a fẹ́ràn kí fáwẹ́lì ṣáájú orúkọ.

Òfin kan máa ràn yín lọ́wọ́: àwọn oní-àmì wọ̀nyí, c̓, k̓, n̓, m̓ àtàwọn tó kù, ìbẹ̀rẹ̀ sílébù ni wọ́n máa ń wà, kì í ṣe ìparí. Tí ẹ bá rò pé ẹ gbọ́ k̓ ní ìparí c̓awaak, k lásán tí èémí tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni. qacc̓a sì pín sí qac-c̓a: c lásán parí sílébù, c̓ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn.

Débọ̀_Cardiff

Èwo ni kó kọ́kọ́ kọ́, èwo ni kó fi sẹ́yìn? Èmi á ní kó fi ʕ àti ḥ sílẹ̀ ná.

Màmá_Tóbi

Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. ḥ wà nínú ìdajì orúkọ tó máa gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, -ʔatḥ ń bẹ níbi gbogbo. ḥaw̓ił náà, orúkọ oyè olórí wọn, ḥ ló fi bẹ̀rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ʔ, ł, ḥ. Lẹ́yìn náà ƛ, c̓ àti q. Kó fi ʕ àti n̓ sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún tó fún ʕ, ọ̀fun máa ń gbẹ. Kó sì yan ohùn ìlú kan lórí FirstVoices, kó má fi ti oríṣiríṣi ìlú ṣe àmúlùmálà. Kó má sì gbé ti Ditidaht wá sáàárín, àwọn ìbátan wọn ní gúúsù: b àti d ni wọ́n fi dípò m àti n, wọ́n sì ní l.

Fúnkẹ́_BC

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn: báwo ni mo ṣe máa tẹ̀ wọ́n lórí fóònù? Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá mi ń fún mi ní ć.

Débọ̀_Cardiff

ć kọ́ ni c̓. Àmì ohùn òkè nìyẹn, kọ́má kékeré ló yẹ kó wà lórí. Ẹ gba FirstVoices Keyboards sórí fóònù, ẹ yan Nuu-chah-nulth nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà, kí kọ́má tẹ̀ lé e. Ẹ má fi "?" dípò ʔ, ẹ má sì pààrọ̀ ʔ àti ʕ, ibi tí wọ́n kọjú sí yàtọ̀. Tí ẹ bá rí ɫ níbi tí ẹ ti ń retí ł, ìró kan náà ni, ìkọsílẹ̀ ìlú sí ìlú ló yàtọ̀.